Òrí Tí Mo Fi Pa Maṣíìnì Ọ̀gá Mi Lára

Kò sí ọmọ tí ìyá bí láti Ìsẹ́yìn títí dé Kìsì tó lè ran àgékù aṣọ pọ̀ bí èmi. Mo sọ ọ́, mi ò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹ da àpò àgékù kan síwájú mi láàárọ̀, ẹtù ni o, sányán ni o, àláárì ni o, kí oòrùn tó wọ̀ màá ti sọ ọ́ di aṣọ ìbora tí ọba lè fi bora. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo lo ọdún kan àbọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Mọ́dà kí n tó sá kúrò, torí ìjókòó ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lórí pẹ́dàlì, ẹ lọ bi wọ́n léèrè.

Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nísinsìnyí máa ń wá bá mi, láti Ìgbòho, láti Ìgbẹ́tì. Wọ́n á ní, "Bùọ̀dá, kí lẹ ń ṣe tí maṣíìnì yín kì í fi í bàjẹ́? Báwo lẹ ṣe ń gbé aṣọ kọ́ níbi ìpàtẹ tí gbogbo ayé fi ń dúró wò ó?" Mi ò ní sùúrù àtimáa sọ ọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ fún wọn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa méjèèjì, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fi mọ̀ ọ́n, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi.

Ìsẹ́yìn ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà, ó ku oṣù díẹ̀ kí n gba ìyọ̀ǹda. Agbádá ni ọ̀gá mi ń rán. Ẹ̀yin náà mọ Ìsẹ́yìn, tí ẹ bá kọjá ilé mẹ́ta, òfì á máa ró nínú méjì. Àgékù kún ṣọ́ọ̀bù wa débi pé orí àpò àgékù la máa ń jókòó sí jẹun. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n pọ̀ tí mo ń rán wọn di aṣọ ìbora. Àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní aṣọ alágbe ni mò ń rán. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wá a wá, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn.

Lọ́dún yẹn ni kánsù ní àwọn fẹ́ ṣe ìpàtẹ ní Ṣakí. Kí olóko gbé iṣu tó tóbi jù wá, kí oníṣẹ́ ọwọ́ gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá. Ọ̀gá mi ní agbádá la máa gbé lọ.

Mo ní, "Agbádá kẹ̀, ọ̀gá? Gbogbo télọ̀ Òkè-Ògùn ló máa gbé agbádá wá. Ẹ jẹ́ ká gbé aṣọ alágékù lọ."

Ó wò mí títí. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ ló máa pa ẹ́. Ó dáa, rán an."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Opó kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa, Ìyá Ìbejì là ń pè é. Ahunṣọ ni ọkọ rẹ̀. Sányán ló wà lórí òfì ọkùnrin náà nígbà tí àìsàn gbé e dè, ó sì kú kó tó hun ún tán. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló gé e sílẹ̀ lórí òfì. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó gùn dáadáa. Ó ká a sínú ìborùn rẹ̀, ó gbé e wá bá ọ̀gá mi.

"Bàbá Télọ̀," ó ní, "obìnrin inú àwọn ìbejì mi ń lọ sílé ọkọ ní Ṣakí, ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìpàtẹ yín gan-an ni yìgì rẹ̀. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ bá a lọ. Ẹ bá mi fi èyí sáàárín aṣọ ìbora tí mo gbọ́ pé ẹ̀ ń rán yẹn. Tí ẹ bá pàtẹ ẹ̀ tán, ẹ wá gbé e fún mi."

"A ti gbọ́, Ìyá Ìbejì. A ò ní gé e wẹ́wẹ́."

"Ẹ má jẹ́ kí nǹkan ṣe é o. Òun nìkan ló kù. Ẹni tó hun ún ò lè hun òmíràn mọ́."

Kí ọ̀gá mi tó la ẹnu, mo ti dáhùn. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Ọwọ́ èmi ló wà."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ọwọ́ ìwọ tí o ò lè jókòó jẹ iṣu kan tán?"

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá mi lọ ra òwú àti òróró maṣíìnì n'Íbàdàn, torí òróró wa ti tán pátápátá. Kó tó wọ mọ́tò, ó na ìka sí mi. "Maṣíìnì yẹn ti ń ké. Máa fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so wọ́n pọ̀. O ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ títí n ó fi dé."

Mo ní mo gbọ́, mo sì gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ọwọ́! Kí n máa fa òwú gbọọrọ, kí n tún máa fà á, kí ilẹ̀ máa ṣú lọ. Kò tíì tó aago mẹ́wàá tí mo ti wà nídìí maṣíìnì. Ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ojú mi wá bọ́ sí igbá òrí ìyàwó ọ̀gá mi.

Ẹ̀yin náà ẹ bá mi rò ó. Ní Òkè-Ògùn wa níbí, kí là ń pè ní nǹkan tí a kì í fi òrí ṣe? Wọ́n bímọ, òrí. Ẹsẹ̀ là, òrí. Imú dí, òrí. Ilẹ̀kùn ń ké, òrí. Maṣíìnì náà sì ń ké. Mo yọ́ òrí lórí iná, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ kó má ní pàǹtí, torí èmi mọ iṣẹ́ mi, mo wá ń kán an sí gbogbo ihò tí ọ̀gá máa ń kán òróró sí. Mo tẹ pẹ́dàlì.

Wálàhí, igbe tán. Ó ń lọ bí ẹni ń rìn lórí òwú. Mo pe àwọn tó kù. "Ẹ gbọ́ nǹkan kan?" Wọ́n ní àwọn ò gbọ́. Mo ní, "Ọ̀gá wá òróró lọ s'Íbàdàn, òróró sì wà nílé!" A jọ rẹ́rìn-ín. Mo rán aṣọ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Sányán òkú ọ̀run ni mo fi yí àárín aṣọ náà ká, mo ń ṣẹ́ ẹ po ní igun kọ̀ọ̀kan, mi ò gé e rárá. Nígbà tó ku etí kan, mo fi aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Ọyẹ́ tó mú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kì í ṣe kékeré. Ètè gbogbo wa ló là. Mo jókòó, mo tẹ pẹ́dàlì. Kò lọ. Mo tún un tẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ni ìrora ń mú. Mo di kẹ̀kẹ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú kí n fọwọ́ yí i, ó dúró gbagidi bí òkúta Ìgbẹ́tì.

Ara mi bù máṣọ. Maṣíìnì kan ṣoṣo tí ọ̀gá mi fi ń bọ́ aya àtọmọ! Mo tú irin iwájú rẹ̀, mo wonú. Òrí ti dì. Ó funfun, ó le, bó ṣe máa ń wà nínú igbá lásìkò ọyẹ́ tí wọ́n á fi ọbẹ wà á. Ta ni ò mọ̀ pé òrí máa ń dì? Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀. Èmi tí mo gbọ́n ju Ìsẹ́yìn lọ ni ò rántí.

Tó bá ṣe pé mo lè dúró kí oòrùn ó mú díẹ̀ ni, bóyá nǹkan ì bá sàn. Dúró sì ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo finá sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo gbé e ti ọrùn maṣíìnì náà kí òrí lè yọ́. Ó yọ́ o. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, inú mi dùn, mo ń fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì díẹ̀díẹ̀. Mi ò wo ìdí abẹ́rẹ́. Ìgbà tí n ó fi wò ó, nǹkan dúdú kan ń kán níbẹ̀, tó, tó, tó. Òrí ni, ìpẹtà ni, àti èérún òwú tó ti wà nínú maṣíìnì kí wọ́n tó mú mi wá síbi iṣẹ́. Orí sányán ló ń kán sí.

Mo ké. Mi ò mọ ohun tí mo sọ. Mo fa aṣọ náà yọ lójijì, abẹ́rẹ́ sì kán sínú rẹ̀. Àbàwọ́n náà dúdú láàárín, ó ń dán létí. Mo fi ẹ̀wù ọrùn mi nù ún, ó tún fẹ̀ sí i. Mo jókòó lórí ilẹ̀, ẹnu mi ò pa dé. Òun nìkan ló kù. Ohùn ìyá yẹn ni mò ń gbọ́ ṣáá. Òun nìkan ló kù.

Kí ni mo wá ṣe? Mo gé àláárì pupa kan ní igun mẹ́rin, mo fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí àbàwọ́n náà.

Ọ̀gá mi dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó ti ń fi imú fa afẹ́fẹ́. "Kí ló ń rùn bíi yàrá abiyamọ níbí?" Ó tẹ pẹ́dàlì. Ó ṣí iwájú maṣíìnì, ó fi ìka kan inú rẹ̀, ó gbé e símú.

"Ta ló fi òrí pa maṣíìnì mi lára?"

Ó na ìka ọ̀hún sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo ní ta ni? Ṣé ọmọ tuntun ni? Ọjọ́ wo lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ, kí n lọ mú àgbò?"

Àwọn yòókù ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní, "Èmi ni, ọ̀gá." Mo ti di ojú, mò ń retí ìgbájú. Kò gbá mi. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù. Ó ní, "Jókòó. Tú u."

Ọjọ́ méjì la fi tú maṣíìnì náà. Gbogbo irin rẹ̀ la fi kẹrosíìnì fọ̀, ìyẹ́ adìẹ la fi ń wọ ibi tí ìka ò lè dé. Nígbà tí a yọ irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo rí ìdọ̀tí òwú tó ti kì pọ̀ níbẹ̀, ó nípọn bí àkàrà. Ọ̀gá mi gbé e sí mi lọ́wọ́. "Ohun tó ń mú un ké nìyí. Òróró nìkan kọ́ ló ń wá, ìmọ́tótó ló ń wá. Ojoojúmọ́ ni mò ń ní kẹ́ ẹ gbá ibẹ̀, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń lọ gbá bọ́ọ̀lù."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bi mí léèrè, ẹ gbọ́. Ẹ máa gbá abẹ́ abẹ́rẹ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, pàápàá tó bá jẹ́ òfì lẹ̀ ń rán, torí èérún òfì pọ̀. Ẹ̀kán kan òróró maṣíìnì ti tó fún ihò kan. Òrí kọ́ o, epo pupa kọ́, àdín kọ́, òróró ẹ̀pà kọ́, èyí ti ọbẹ̀ ni. Tí ẹ bá kán an tán, ẹ fi àkísà rán nǹkan lásán títí àkísà yóò fi jáde láì ní àmì, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ ẹlẹ́ni. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kó tó kú. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ bo maṣíìnì yín nítorí eruku. Tí ọ̀gá yín bá sì ní kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

A to maṣíìnì náà padà, mo rán etí aṣọ tó kù. Ọ̀gá mi fi ìka kan àláárì náà. "Èyí ń kọ́?"

"Òdòdó ni, ọ̀gá. Ẹwà ni mo fi ṣe."

Ó wo ojú mi, ó wo òdòdó. Ó wá ká aṣọ náà sínú àpò. Mo rò pé mo ti mú un jẹ.

Ní Ṣakí, àwọn kan ń fi ìṣó kan aṣọ wọn mọ́ pákó. Ìyẹn ò dáa, ìṣó á ya aṣọ, á sì fi ìpẹtà sí i. Èmi ti rán ojú ihò gígùn sí òkè aṣọ tèmi, mo ti igi bọ̀ ọ́, mo fi okùn so igi náà kọ́ láàárín òpó méjì. Títí dòní bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà gbé tiwọn sábẹ́ ìbòòji igi. Èmi gbé tèmi síta gbangba kí oòrùn lè bá àwọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i láti ojú títì.

Wọ́n sì rí i. Àwọn èèyàn ń fi iṣu sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. "Ta ló rán èyí?" "Èmi ni!" "Ìwọ kékeré yìí?" "Èmi náà ni, ṣé kí n tún un rán lójú yín?" Ohùn mi ti ń há. Akọ̀wé kánsù tó mú ìwé dání rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní àwọn tó máa yan èyí tó dáa jù ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ìbejì dé, òun àti ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sílé ọkọ, àti obìnrin méjì láti ilé àna. Mo na ọwọ́ sí aṣọ bí ẹni tó kọ́lé. Ìyá Ìbejì ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ìyàwó ahunṣọ ni, àwọn kì í wo ojú aṣọ, ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, torí ẹ̀yìn kì í purọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá sẹ́yìn aṣọ. Ó pẹ́ kó tó padà síwájú, ó wá gbé ìka lé òdòdó mi.

Èmi náà wò ó. Súbúhánàlláhì! Oòrùn ti yọ́ òrí tó kù nínú aṣọ. Òdòdó náà ti rin, àbàwọ́n ti yọ jáde létí rẹ̀, ó ti ṣe òrùka yí i ká. Ìyá Ìbejì gbé ìka rẹ̀ sókè. Ó dúdú.

"Kí lèyí?"

"Òdòdó ni, Ìyá."

"Òdòdó tó ń làágùn?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ti fi ọwọ́ bo ojú. Mo wá jẹ́wọ́ níbẹ̀, níwájú ilé àna, níwájú gbogbo Ṣakí. Ohùn tó ń pariwo lẹ́ẹ̀kan di ti ẹ̀fọn.

"Sọ ọ́ kalẹ̀," ó ní.

Akọ̀wé kánsù ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wò ó tán ná."

"Ẹ lọ wo iṣu."

Mo ń tú okùn. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, mi ò rò pé mo lè gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀. Gbọọrọ, pẹ̀lú agbádá tó wọ̀ wá síbi ìpàtẹ, sínú eruku. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀bi mi ni. Mo rí òdòdó yẹn, mo mọ̀ pé nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀. Mo dákẹ́ nítorí ìpàtẹ."

Ilẹ̀ ò là kí n wọlé. Ó ti mọ̀! Èmi tí mo rò pé mo tan àgbà jẹ. Àgbàlagbà tí mi ò rí kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láàárín ọjà, èmi ni mo fi àyà rẹ̀ lélẹ̀. Èmi náà ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì ká aṣọ náà, ó ní kí ọ̀gá mi dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ.

N'Ísẹ́yìn, lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìbejì gbé aṣọ náà wá, ó jókòó lórí àpò àgékù, ó ní kí n yọ sányán náà kúrò, ojúrán kan lẹ́yìn èkejì, láì lo bíléèdì. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ló jókòó tì mí. Mi ò dìde. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi ń yún mi, mi ò dìde. Nígbà tó tán, ìyàwó ọ̀gá mi da èlùbọ́ kúnná lé àbàwọ́n náà, a fi í sílẹ̀ mọ́jú, èlùbọ́ fa òrí mu. A gbọn ọ́n nù, a fi ìwé ìròyìn lé e, a fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Ó mọ́, àfi àmì dúdú kan tí ò ju ẹyọ àgbàdo lọ. Ìyẹn kọ̀, kò lọ.

Ó ku ọjọ́ méjì kí ìyàwó lọ. Ìyá Ìbejì ní òun ò fẹ́ aṣọ ìbora mọ́. Ó ní kí a gé sányán náà sí mẹ́ta, kí a rán wọn pọ̀ kó di ìborùn fún ọmọ òun. Ọ̀gá mi na ọwọ́ mú sísọ́ọ̀sì.

"Rárá," Ìyá Ìbejì ní. "Ọmọ yìí ni."

Ẹnu ya gbogbo wa. Ọ̀gá mi ní, "Ìyá Ìbejì, òun kẹ̀?"

"Òun ló bà á jẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí àmì yẹn wà tó o. Kó gbé e pamọ́ síbi tí ojú ọmọ mi ò ti ní tó o."

Mo gé e. Mo tò ó kí àmì náà lè bọ́ sínú ojúrán. Ẹsẹ̀ mi ò kan pẹ́dàlì, ọwọ́ ni mo fi ń yí kẹ̀kẹ́, abẹ́rẹ́ ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi tí mo máa ń sáré. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló wá gbà á. Ó yí i sẹ́yìn, ó yí i síwájú.

"Bùọ̀dá, níbo ni àmì náà wà?"

Mo fẹ́ fi hàn án. Mo wá a. Mo tún un wá. Èmi tí mo rán an, mi ò rí i mọ́! Ó dà á bo èjìká, ó bú sẹ́rìn-ín, ó lọ sílé ọkọ.

Ní ti ìpàtẹ, ẹ gbé aṣọ yín síbi tí èèyàn ti lè lọ sẹ́yìn rẹ̀, abẹ́ ìbòòji ni o, kí ẹ sì ti wo ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra yín kí àwọn obìnrin ahunṣọ tó wò ó. Ó ku ti bí ẹ ṣe máa ká a sínú àpótí, ṣùgbọ́n mọ́tò Kìsì ti ń fọn fèrè, aṣọ mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé lọ síbẹ̀, awakọ̀ náà sì ń bú mi. Mo ní láti máa lọ.